Ìtọ́kasí mẹ́sàn-án tí kò sí láyé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún ìkẹyìn ni mo wà ní ẹ̀ka Ìtàn. Ìjà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà lórí owó orí ní 1947 ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà dá orí kejì padà fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Ibo lo ti rí àwọn èyí?" Ìtọ́kasí 31 ni mo ní. Ó ní òun wá 9 nínú wọn títí, òun ò rí wọn. Kí n sọ òótọ́, ChatGPT ló bá mi wá àwọn kan, Google ni mo ti rí ìyókù. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n lọ gbèjà iṣẹ́ mi níwájú àwọn olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣeé gbára lé, ibo ni mo sì ti máa rí òmíràn?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìnira. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó, bí o bá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì ìbéèrè nílé ìkàwé yunifásítì, mo sì lè sọ fún ẹ pé ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní sáà yìí nìkan, ẹni mẹ́rin ló ti gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi orí kejì náà ránṣẹ́ sí mi kí n tó dá ẹ lóhùn. Alẹ́ Sátidé ni mo jókòó tì í.

Ìtọ́kasí keje rẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ òpìtàn gidi ni. Jọ́nà tí o ní ó ti jáde náà wà. Àkọlé rẹ̀ dùn létí: ọjà, owó orí àti agbára obìnrin ní Abẹ́òkúta. Mo fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí Google Scholar má baà já a sí wẹ́wẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Òfo. Mo lọ sí ojú òpó jọ́nà náà fúnra rẹ̀, mo ṣí èyí tó jáde lọ́dún tí o kọ, mo wá ojú ewé 211 sí 229. Àpilẹ̀kọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pín ojú ewé wọ̀nyẹn láàárín ara wọn, kò sì sí èyí tó dárúkọ Abẹ́òkúta nínú méjèèjì. Ó wá ku DOI, nọ́ńbà tó máa ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí mọ́tò ń gba nọ́ńbà. Mo kọ doi.org, mo fi nọ́ńbà tìrẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi lọ sídìí iṣẹ́ ìwádìí lórí oúnjẹ ẹja àrọ̀. Kí n má purọ́ fún ẹ, mo rẹ́rìn-ín.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mo fẹ́ kí o fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn náà ni ọ̀gá rẹ lò, òun ló sì fi mú bírò pupa.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ChatGPT náà jókòó, tó pinnu pé òun á tàn ẹ́ jẹ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ti rí ìtọ́kasí tí kò níye, ó mọ̀ pé orúkọ ló máa ń ṣáájú, pé ọdún á tẹ̀ lé e, pé àkọlé á wá ní àmì kan láàárín, pé ojú ewé ló ń kẹ́yìn. Bí o bá ní kó fún ẹ ní mẹ́wàá, yóò fún ẹ ní mẹ́wàá, ìbáà jẹ́ pé mẹ́ta péré ló wà lórílẹ̀ ayé. Bí ọlọ́jà tí kì í fẹ́ kí oníbàárà lọ lọ́wọ́ òfo ló ṣe ń ṣe: ohunkóhun tí o bá béèrè, "ó wà." Àwọn àgbà náà ti kó sí i. Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT sọ fún wọn sínú ìwé tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, nínú ọ̀ràn ẹnì kan àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca. Nígbà tí adájọ́ máa wá àwọn ẹjọ́ náà, kò sí èyí tí ilé ẹjọ́ kankan dá rí nínú wọn. Ó bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn.

Mi ò ní kí o ju ẹ̀rọ náà nù o. Èmi náà ń lò ó, mo máa sọ ohun tí mo ń lò ó fún níwájú. Èyí tó sì ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú wọn báyìí máa ń fi líǹkì sí ìdáhùn rẹ̀. Ṣí líǹkì náà. Ohun tí o kò fojú ara rẹ rí, má fọwọ́ ara rẹ tọ́ka sí i.

Nísinsìnyí, ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe sí mẹ́sàn-án yẹn ni pé wọ́n á yọ wọ́n, wọ́n á wá mẹ́sàn-án míì tó wà lóòótọ́, wọ́n á kì wọ́n bọ ojú ihò. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìtọ́kasí bá jẹ́ irọ́, gbólóhùn tó gbé dúró ti di aláìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. O kọ ọ́ pé àwọn aláró ló dá iye kan pàtó sínú àpò ẹgbẹ́. Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ ni, òun kan náà tó ṣẹ̀dá ìtọ́kasí. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ bá ìtọ́kasí rẹ̀ lọ, títí ìgbà tí o bá rí ẹni gidi tó sọ ọ́. Orí kejì rẹ máa tín-ín-rín. Jẹ́ kó tín-ín-rín.

Ṣùgbọ́n, kí n sọ òótọ́, mẹ́sàn-án yìí kọ́ ló dùn mí jù. Ogún-lé-ní-méjì tó kù, tí wọ́n wà lóòótọ́, ni mo fẹ́ kí a jọ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro tí ọ̀gá rẹ kò tíì sọ wà.

O kọ ọ́ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣáájú àwọn obìnrin náà nínú ìjà yìí, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà, o sì to ojú òpó mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbólóhùn kan náà ni. Àṣìtẹ̀ kan náà pàápàá wà nínú méjì nínú wọn. Ìyẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀, àwọn méjì gbà á sọ. Yorùbá ní orúkọ fún un: àgbọ́sọ. Kò sì sí èyí tó sọ ọdún tó wà á, ìlú tó ti wà á, tàbí ìwé tí wọ́n ti rí i kà. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Ṣùgbọ́n "àkọ́kọ́" wúwo púpọ̀ lẹ́nu: kí ènìyàn tó lè sọ ọ́, ó yẹ kó ti wo gbogbo obìnrin tó kù láti Èkó dé Kálábà. Ta ló wò ó? Iṣẹ́ rẹ kò sọ̀rọ̀ mọ́tò. Yọ ọ́.

Ní ojú ewé 14, o ní obìnrin 10,000 ló tú lọ sí ààfin Aláké. Nígbà tó di ojú ewé 19, wọ́n ti di 20,000. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: o rò pé orísun méjì ń ta ko ara wọn, o sì fi ọ̀kan síbí, o fi ọ̀kan sọ́hùn-ún. Wọn ò ta ko ara wọn. 20,000 ni iye tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ fún ọmọ ẹgbẹ́ Abeokuta Women's Union, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ja ìjà náà. 10,000 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún àwọn tó lọ fi ẹnu ààfin ṣe ibùsùn ní ìparí 1947. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà. Bí o bá sì ti mọ ìyẹn, tún béèrè ìbéèrè kan sí i: ta ló ka orí wọn? Ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba jà ní ìdí tó fi máa fẹ́ kí iye rẹ̀ pọ̀ létí ayé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ lè ní ìdí tirẹ̀ láti dín in kù. Bí o bá kọ èyí sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì nínú iṣẹ́ rẹ, ìwọ gan-an ló ṣe ìwádìí yẹn. Kò sí ibi tí o ti dà á kọ.

Ó wá kan Johnson, ẹni tó kọ "The History of the Yorubas". Ìgbà mẹ́fà ni o kọ "Johnson, 1921" nípa bí Ẹ̀gbá ṣe dé Abẹ́òkúta, o tún wá kọ ọ́ pé "Johnson, tó ń kọ̀wé ní 1921, rí i pé..." Ọmọ mi, ní 1921, ó ti tó ogún ọdún tí Àlùfáà Samuel Johnson ti kú. Ní 1897 ló parí iṣẹ́ náà. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, wọ́n sì sọ ọ́ nù lọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó ìwé àfọwọ́kọ àti àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà tó máa fi ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé ti dé. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, Appam, lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ìwé náà máa jáde, ọdún 1921 ni. Nítorí náà, ẹni méjì ló wà nínú "Johnson" tí ò ń pè ní ọ̀kan, 1921 sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé parí iṣẹ́ tirẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà gan-an ni gbogbo èyí wà. Ẹni tó bá ka ojú ewé márùn-ún àkọ́kọ́ á rí i, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú?

Kò tán síbẹ̀. Nínú ìwé kan ṣoṣo yìí, ohun tó fojú rí àti ohun tí wọ́n sọ fún un jọ wà. Nígbà ogun Kírìjì, òun gan-an wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn tó ń jà. Bó bá sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, ẹlẹ́rìí ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn Aláàfin àtijọ́, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló ti gbà á. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ arọ́kin, mi ò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n jókòó sí, ojú Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì fi ń wo ilẹ̀ tó kù. Ẹ̀gbá ti wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ rí. Bí ẹni tí o sìn rí bá ń pìtàn rẹ, wàá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu tìrẹ náà. Nítorí náà, wá ohun tí Ẹ̀gbá sọ nípa ara wọn, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Johnson, kí o jẹ́ kí òǹkàwé rí méjèèjì.

Bákan náà ni ti Wọlé Ṣóyínká tí o lò fún ohùn àwọn obìnrin níwájú ààfin. Ìwé náà, "Aké", dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Ṣóyínká ní 1947, ìwé náà sì jáde ní 1981. Ìrántí ọmọdé ni, àgbàlagbà tó jẹ́ òǹkọ̀wé ló kọ ọ́. Lò ó láti fi hàn bí nǹkan ṣe rí lójú ọmọ tó ń dàgbà nílùú náà. Má lò ó fún iye owó orí.

Ìbéèrè tí o fẹ́ràn jù nìyí: báwo ni o ṣe máa mọ ojú òpó tó ṣeé gbára lé? Gbogbo àwọn olùkọ́ ló ti kọ́ ẹ nílé ìwé pé kí o wò ó bóyá ó ní orúkọ òǹkọ̀wé, bóyá ó ní ọjọ́, bóyá ó fi .org parí, bóyá ó mọ́ lójú. Èmi náà ti fi kọ́ ọmọ rí, mo ti jáwọ́. Bí ìdílé kan bá ní àwọn fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, ṣé inú pálọ̀ wọn la ti ń lọ wádìí wọn? Wọ́n á gbálẹ̀ dè wá, wọ́n á gbé àwòrán ọjọ́ ìgboyèjáde kọ́ ara ògiri, ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àdúgbò la ń lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn la ti ń béèrè.

Àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Stanford dán irú èyí wò. Wọ́n kó òpìtàn 10, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, àti 10 nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ìròyìn wò bóyá òótọ́ ni. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n ni ojú òpó ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé méjì ní Amẹ́ríkà tí orúkọ wọn fẹ́ jọra. Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ ńlá tó ti wà láti 1930. Èkejì ni ẹgbẹ́ kékeré tó ya kúrò lára rẹ̀ ní 2002 nítorí àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró sójú òpó náà, wọ́n ń kà á sókè sódò, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mú èyí tí kò tọ́. Àwọn òpìtàn pàápàá, pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé lọ́rùn, wà nínú àwọn tó ṣì í. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kò jókòó pẹ́. Wọ́n jáde kúrò lójú òpó náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ṣí ojú ìwé míì, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ayé pé, "Ta ni àwọn wọ̀nyí?" Kí wọ́n tó padà wá ka ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n ti mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí o bá bá ojú òpó kan pàdé nípa ìtàn Ẹ̀gbá, daakọ orúkọ rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ sí Google, kí o sì ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀ kí o tó ka ohun tí òun sọ. Wikipedia wúlò fún èyí gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ yín ní ẹ kò gbọdọ̀ fojú kàn án; èmi sì ń rí àwọn olùkọ́ náà tí wọ́n ń kà á lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé wa. Ẹnu ọ̀nà ni. Sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wo ìwé tí wọ́n to síbẹ̀, lọ wá ìwé náà, òun ni kí o tọ́ka sí.

Mo ṣèlérí pé mo máa sọ ohun tí mo ń lo ẹ̀rọ fún. Ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìtọ́kasí. O sọ fún mi pé o tẹ "ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá" sí Google, o ò rí ju ìròyìn àti àwòrán lọ. Báwo ni o ṣe máa rí i? Àwọn tó kọ nǹkan nígbà náà kò mọ orúkọ tí ìwọ ń pè é. Fi ara rẹ sípò akọ̀wé ìjọba ní 1947, tó ń kọ àkọlé sára fáìlì. Kò ní kọ Fúnmiláyọ̀. "Mrs. Ransome-Kuti" ni yóò kọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Frances Abigail Thomas ni. Ní àwọn ọdún 1970, ó ti di Aníkúlápó-Kuti. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a máa pàdánù ìdajì ayé rẹ̀. Aláké nínú ìwé ìjọba ni "Sole Native Authority". Ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe, "market women", "women's tax", "petition", "disturbances" ni wàá rí. Jókòó, kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ sórí bébà kan kí o tó fọwọ́ kan fóònù. Níbí ni ẹ̀rọ ti lè ràn ẹ́ lọ́wọ́: bi í pé kí làwọn orúkọ míì tí wọ́n ti pe nǹkan yìí, nítorí bó bá tiẹ̀ ṣì í, wàá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí o bá wá a.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wa náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Abẹ́òkúta tí o fi gbogbo àmì kọ àti Abeokuta tí kò ní nǹkan kan lè jẹ́ ìlú méjì lójú àwọn ojú òpó kan. Kódà ẹ̀ tìrẹ àti ẹ̀ tèmi lè má jẹ́ ọ̀kan: pátákó ìtẹ̀wé kan ń fi àmì kún lẹ́tà lẹ́yìn, òmíràn ń gbé e jáde lódidi, ojú wa ò rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ rí i. Máa wá a ní ọ̀nà méjèèjì. Kí o sì rántí àkọtọ́ àtijọ́. Ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ tó fìdí múlẹ̀ ní 1974, "aiye" ni wọ́n ń kọ, "enia" ni wọ́n ń kọ, Oshogbo, Otta, Ilesha. Ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, "Iwe Irohin" ni orúkọ rẹ̀. Fi "ìròyìn" wá a, o lè wá a títí.

Bí o bá sì máa lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ iwájú, ó tún le jù. Ọ̀yọ́ Ilé tí Clapperton, arìnrìn-àjò Òyìnbó, dé ní 1826, Katunga ló pè é nínú ìwé rẹ̀, nítorí orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é ló gbọ́. Àwọn Òyìnbó ọ̀rúndún tó ṣáájú rẹ̀ ń kọ "Eyeo". Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà di Lucumí nínú ìwé, àwọn tó dé Bràsílì di Nagô, àwọn tí wọ́n já gbà tí wọ́n dé Sàró di Aku. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ Másítà tó sọ pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan lórí kókó òun. Àkọsílẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. "Yoruba" nìkan ló ń tẹ̀.

Ibo wá ni kí o lọ? Àwọn ìwé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fúnra rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé ẹgbẹ́, wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn. Inú ọgbà yunifásítì kan náà ni National Archives ti Ìbàdàn wà, níbi tí fáìlì ìjọba àmúnisìn wà. Ẹ̀ka National Archives wà ní Abẹ́òkúta náà. O lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe Ìbàdàn, kí o rí ohun tí oṣù mẹ́fà lórí fóònù kò lè fún ẹ. Ìjọba wí tiwọn níbì kan, obìnrin náà wí tirẹ̀ níbì kejì, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láàárín wọn. Ọ̀nà tìrẹ kúrú. Àwọn òpìtàn máa ń wọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà wá síbẹ̀.

Fún jọ́nà, kó tó di pé o san owó, béèrè ní ilé ìkàwé ilé ìwé rẹ bóyá wọ́n ní JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ jọ́nà jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní in, akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè. African Journals Online, tó ti wà láti 1998, ní jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà púpọ̀, a sì lè ka ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, náà kò gba kọ́bọ̀. Bí àpilẹ̀kọ kan bá wà lẹ́yìn owó tí o kò lè san, kọ lẹ́tà ọmọlúàbí sí ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ ju bí o ṣe rò lọ.

Ṣọ́ra fún jọ́nà agbowó, èyí tó ń sọ pé bí o bá fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ lónìí, tí o sì sanwó, yóò jáde lọ́túnla. Kò sí ọ̀mọ̀wé tó jókòó yẹ iṣẹ́ wò láàárín ọjọ́ méjì. Méjì nínú 22 rẹ ti irú ibẹ̀ wá, mo fi pẹ́ńsùlù yí wọn po. Èyí kò sọ pé jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà ni kò dára o. Ó ń bí mi nínú bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ti Nàìjíríà tó gún régé, mo sì ti rí ti ilẹ̀ Yúróòpù tó jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì ilé ìtajà lásán ló ní.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má dúró dìgbà tó bá pè ẹ́. Lọ bá a lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kúnlẹ̀ kí i, kí o sọ fún un bó ṣe rí: "Ẹ má bínú sà, ẹ̀rọ ló fún mi ní mẹ́sàn-án wọ̀nyí, mi ò ṣí wọn wò." Mú bébà kan dání tí o to mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí, pẹ̀lú gbólóhùn tí o yọ nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ lè bínú sí àìbìkítà, ó máa ń kọjá. Irọ́ tí wọ́n fúnra wọn hú jáde lọ́jọ́ ìgbèjà ni kì í kọjá. Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kó fún ẹ ní lẹ́tà ìdánimọ̀ tí o máa mú lọ sí Ìbàdàn, nítorí wọ́n á béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kí o sì ra ìwé kékeré kan. Bí o bá ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí o tó ka ìlà kan nínú rẹ̀, kọ orúkọ ibi tí o wà, nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sórí ojú ewé tuntun. Mo ti rí ẹni tó ya àwòrán 400 pẹ̀lú fóònù ní ọjọ́ méjì, tó délé tí kò mọ fáìlì tí èyíkéyìí ti wá. Ó tún wọkọ̀ padà. Pẹ́ńsùlù ni kí o mú dání, ilé àkójọ kì í fẹ́ bírò nítòsí ìwé àtijọ́. Mú ohun tí wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù náà, wọn kì í ní in lọ́hùn-ún.